Ìmọ̀ràn lórí dídá ọgbà àdúgbò tí yóò tu ara àti ọkàn lára, tí yóò sì gba ẹyẹ àti kòkòrò mọ́ra

Aṣètò (ìbéèrè):

Mo kí gbogbo ilé. Àwọn ará àdúgbò wa ti rí ilẹ̀ kan tí a lè lò. Ilẹ̀ náà kò tóbi púpọ̀, igi ńlá méjì wà ní ìkángun rẹ̀, èpò sì ti bo ìyókù. Ohun tí a ní lọ́kàn ju kí a kàn gbin ẹ̀fọ́ lọ. A fẹ́ kí ó jẹ́ ibi tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lè jókòó sí, kí àwọn tí ń gbádùn bọ̀ láti inú àìsàn lè fi ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ àmójútó, kí àwọn arúgbó àti àwọn tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ má baà dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹyẹ, labalábá, oyin àti àkèré sì rí ibùgbé. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, ohùn wa kò ṣọ̀kan: àwọn kan fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn kan ní kí a fi igbó sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bẹ̀rù ejò àti ẹ̀fọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni a sì ṣe lè mú àwọn ìfẹ́ wọ̀nyí bára mu lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo?

Àgbà Olóko:

Ẹ kú iṣẹ́, Aṣètò. Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí ẹ fẹ́ dá ọgbà náà fún. Ọ̀pọ̀ ọgbà àjùmọ̀ṣe ni ó di ahoro nítorí pé àwọn tí ara wọn le nìkan ni ó jókòó ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì wá ń retí kí aláìlera wá gbádùn ohun tí a kò fi lọ̀ ọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè àkókò tí wọ́n lè wá, ohun tí ó máa ń dí wọn lọ́wọ́ láti jáde nílé, àti bóyá ariwo ni wọn kò fẹ́ ni àbí ìdánìkanwà. Ìdáhùn wọn ni yóò sọ ibi tí àga yóò wà, bí ọ̀nà yóò ṣe fẹ̀ tó, àti bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ bá lọ. Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí, nítorí pé ẹni tí oògùn rẹ̀ ń mú kí ó tọ̀ lemọ́lemọ́ kò ní pẹ́ níbi tí kò ti sí i, bí òdòdó ibẹ̀ ti wù kí ó dára tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ilẹ̀ náà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, àti lẹ́yìn òjò. Ẹ sàmì sí ibi tí oòrùn ń mú jù, ibi tí omi ń dúró sí, àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe dí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ọgbà.

Ti ta ni ilẹ̀ náà? Ẹ gba ìwé àdéhùn tí yóò sọ iye ọdún tí ẹ óò lò níbẹ̀, ẹni tí yóò máa san owó omi, àti iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀ fún yín kí wọ́n tó gba ilẹ̀ wọn padà. Àwọn tí ó dá ọgbà àjùmọ̀ṣe kan tí ń jẹ́ Prinzessinnengarten sílẹ̀ ní ìlú Berlin ní ọdún 2009 mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, nítorí náà inú àpótí àti àpò tí ó ṣeé gbé ni wọ́n gbin nǹkan sí. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí àdéhùn yín bá kúrú.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iyẹ̀pẹ̀ náà wò pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, tàbí èyí tí ilé àtijọ́ ti wó sí, lè ní òjé nínú, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀dà ìkunlé àti epo bẹntiróòlù láyé àtijọ́, kì í sì í jẹrà. Ọmọdé ni ó ń ṣe ní jàǹbá jù. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó pọ̀, ẹ kọ́ ebè gíga tí ó ní ògiri, ẹ tẹ́ aṣọ tí omi lè gbà kọjá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá kó iyẹ̀pẹ̀ tí ó mọ́ sínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn tí ara àti ọkàn wọn kò lélẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ní ọdún 1984, olùwádìí kan tí ń jẹ́ Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science nípa àwọn aláìsàn 46 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Ìdajì wọn ń rí igi láti ojú fèrèsé, ìdajì kejì ń wo ògiri bíríkì. Àwọn tí ń wo igi tètè lọ sílé, oògùn ìrora líle tí wọ́n lò sì kéré sí ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn láàárín nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tí ń lo ó kéré tán 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ níbi tí ewéko wà ni ó sábà máa ń sọ pé ara àwọn yá, ọkàn àwọn sì balẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan náà tàbí pé wọ́n pín in. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi dá wa lójú pé ewéko nìkan ni ó fa ìlera náà, torí pé ẹni tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ ni ó rọrùn fún láti jáde. Síbẹ̀, ó wúlò fún ètò yín: ẹ ṣí ọgbà ní ìgbà púpọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìgbà díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tí kò lè pẹ́ níta lè pín wákàtí méjì rẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ.

Ohun méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀. Kí ènìyàn wá jókòó, kí ó bá àwọn ẹlòmíràn tu èpò, kí ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìtura, ẹnikẹ́ni tí ó ní sùúrù lè ṣètò ìyẹn. Ìtọ́jú ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, kí àfojúsùn kan sì wà fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ kan, fún àpẹẹrẹ, lè máa fi ìka méjì mú hóró irúgbìn láti inú abọ́ sínú ihò, kí olùtọ́jú máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìka náà ṣe ń lágbára sí i. Ní Alnarp, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ọgbà kan wà tí wọ́n dá ní pàtó fún àwọn tí wàhálà ti mú kí ara àti ọkàn wọn rẹ̀, àwọn olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ wọn ni ó sì ń darí rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kọ ọ́ sára pátákó pé ẹ ń wo àrùn sàn. Ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọgbà kò rọ́pò oògùn tàbí dókítà.

Àwọn oògùn kan wà tí oòrùn àti òùngbẹ lè sọ di ewu. Ẹni tí ń lo lithium, ìyẹn oògùn àìsàn ọpọlọ kan, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, nítorí pé oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Chlorpromazine, tí òun náà jẹ́ oògùn àìsàn ọpọlọ, àti doxycycline, tí ó ń pa kòkòrò àrùn, lè mú kí oòrùn tètè jó awọ ara. Nítorí náà, ibòji àti omi mímu gbọ́dọ̀ wà kí òdòdó tó dé. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí pé inú iyẹ̀pẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ tú àpò iyẹ̀pẹ̀ ìgbìn tàbí ajílẹ̀, ẹ gbé ojú kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Irú kòkòrò àrùn kan tí a ń pè ní Legionella wà tí ó ń ti inú rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Èyí tí ó ká mi lára jù lọ ni pé kí ẹ má ṣe ya ebè kan sọ́tọ̀ kí ẹ sì kọ "ti àwọn aláìsàn" sí i lára. Ẹ má ṣe ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ń ṣe é kí a tó fún un ní korobá.

Káfíńtà:

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ má ṣe kàn ebè gíga ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ kan àwọn kan rẹlẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí àwọn kan ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 fún ẹni tí yóò jókòó sí etí rẹ̀, kí àwọn kan sì ga tó ìbàdí fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ebè tí a ṣe bíi tábìlì ni ó dára jù: ẹ fi àlàfo nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí orúnkún lè wọlé, iyẹ̀pẹ̀ tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sì tó fún ewébẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ kò gùn. Ebè tí a lè dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ. Bí ó bá fara ti ògiri, 60 ni kí ó mọ. Ẹ má ṣe lo pákó àtijọ́ tí ó ti wà lábẹ́ irin ojú ọ̀nà rélùwéè, nítorí pé wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú creosote, ìyẹn oògùn igi tí ó ní májèlé, kí ẹ sì yẹra fún pákó àtijọ́ tí wọ́n fi oògùn tí ó ní májèlé arsenic pa mọ́ lọ́wọ́ ikán.

Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ kan yóò gbà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 ó kéré tán, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ tó 150 níbi tí yóò ti yí padà. Bí ilẹ̀ bá dagun, kí ó má ga ju mítà kan lọ nínú mítà 20. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ra máa ń gbé táyà mì. Òkúta lílọ̀ tí a dà, tí a wọ́n omi sí, tí a sì lù mọ́lẹ̀ dáadáa dára jù, òjò sì máa ń rí inú rẹ̀ wọ ilẹ̀. Ẹ fi etí gíga díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ọ̀pá afọ́jú lè máa kàn án. Fún àwọn tí ó ní àrùn ìgbàgbé, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yí po kí ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rìn dé ibi tí ọ̀nà ti tán kí ẹ̀rù sì bà á. Kí àwọ̀ ọ̀nà náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà dúdú tí a fà kọjá lórí ọ̀nà lè dà bí ihò lójú wọn, wọn yóò sì dúró gbọnyin, wọn kò ní tẹ̀ síwájú.

Nípa àga, ohun tí ó jọ pé ó kéré ni ó ṣe pàtàkì. Kí ó ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45, kí ó ní ẹ̀yìn, kí ó sì ní apá méjèèjì, nítorí pé apá àga ni arúgbó fi ń ti ara rẹ̀ dìde. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gbọọrọ kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí ó má baà dúró sí àárín ọ̀nà bí ẹni tí a dá dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn àwọn àga kan kọ ògiri tàbí igi tí ó kún, kí ẹni tí ó jókòó sì rí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ sí rí kì í ní ìsinmi níbi tí ènìyàn ti lè yọ sí i láti ẹ̀yìn.

Omi pẹ̀lú ní ìwúwo. Korobá lítà 10 tí ó kún wúwo tó kílò 10, nítorí náà ẹ ra kéékèèké, kí ẹ̀rọ omi sì wà ju ibi kan lọ.

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ:

Inú mi dùn pé igi ńlá méjì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe gé wọn, ẹ má sì ṣe kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ìdí wọn, nítorí pé gbòǹgbò ń mí. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi kéékèèké, lẹ́yìn èyí igbó òdòdó, lẹ́yìn èyí ewé tí ń rá mọ́ ilẹ̀, nítorí pé ẹyẹ tí ń pa ìtẹ́ sórí igi gíga kì í ṣe èyí tí ń jẹ nílẹ̀. Igi àti òdòdó tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yín ni kí ó pọ̀ jù, torí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò kò lè jẹ ewé àlejò. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí òdòdó kan má tíì rọ tán kí òmíràn tó là. Ẹ yan òdòdó tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n mú kí ewé rẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele sábà máa ń dí oyin lọ́nà.

Àwọn ènìyàn a máa bẹ̀rù oyin, ṣùgbọ́n irú oyin tí ó wà láyé lé ní 20,000, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ń dá gbé. Inú ihò ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yé ẹyin sí, wọn kò ní ilé ńlá tí wọn yóò tìtorí rẹ̀ lé ènìyàn. Ẹ fi ibì kan tí oòrùn ń pa sílẹ̀ láìgbin nǹkan sí i, láìfi ewé bò ó. Ẹ kó igi jíjẹrà jọ sí ibòji kí ọ̀kùn, ìgbín àti alángbá lè máa gbé inú rẹ̀. Ẹ má ṣe lo oògùn apakòkòrò. Mo mọ̀ pé ó nira láti máa wo kòkòrò tí ń jẹ ewé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹyẹ tí ń jẹ hóró fúnra wọn ni ó ń fi kòkòrò bọ́ ọmọ wọn. Bí iná bá pọn dandan ní alẹ́, kí ó kọjú sí ilẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kí ẹ sì pa á nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti àríyànjiyàn yín lórí mímọ́ àti igbó, ẹ fi ariwo, àwọn ọmọdé àti ibi ìpàdé sí ẹnu ọ̀nà, kí ebè wà ní àárín, kí ẹ sì fi ìkángun tí igi wà sílẹ̀ fún ẹranko àti fún ẹni tí ó fẹ́ dákẹ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ ohun kan náà, ìyẹn ni pé kí a má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti rí ẹni tí kò lè bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ tí ó fi ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Aṣètò:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ adágún omi àti ejò, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpàdé wa ti fẹ́ dàrú.

Olùkọ́:

Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọdé yóò máa wá, èmi kò fara mọ́ gbígbẹ́ adágún rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lè gba ẹ̀mí ọmọ kékeré, kì í sì í pariwo. Ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ tí kò jìn sórí òpó, ẹ to òkúta sínú rẹ̀ kí oyin àti labalábá lè rí ibi dúró mu omi, kí ẹ sì máa dà á nù lọ́jọ́ méjì méjì. Ẹ̀fọn nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti inú ẹyin títí yóò fi fò nígbà ooru, nítorí náà tanwíjí kò ní ráyè dàgbà. Ẹ fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ bo ẹnu táǹkì òjò pẹ̀lú. Bákan náà, ẹ má ṣe gbin lárà àti làpálàpá síbi tí ọmọdé lè dé, nítorí pé májèlé ni hóró wọn.

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ:

Mo gbà pẹ̀lú Olùkọ́ nípa ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ pa èrò adágún náà tì títí láé, torí pé kò sí ohun tí ń mú onírúurú ẹ̀dá wá bí omi. Bí ó bá di ìgbà tí ẹ ní ọgbà irin yí i ká pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ẹ gbẹ́ ẹ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọra dagun, kí ẹranko tí ó bá já sínú rẹ̀ lè jáde. Lámilámi máa ń jẹ tanwíjí nígbà tí ó ṣì wà nínú omi. Ẹja náà ń jẹ ẹ́, àmọ́ yóò jẹ légbénlègbé pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ àkèré, ẹ má ṣe fi ẹja sí i.

Ní ti ejò, eku àti ibi ìsápamọ́ ni ó ń wá. Ẹ má ṣe da oúnjẹ sísè àti ẹran sí ibi ajílẹ̀, ẹ gbé òkìtì igi jìnnà sí àga àti sí ilé irinṣẹ́, ẹ jẹ́ kí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kúrú, kí ẹni tí ó fẹ́ ṣí igi wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pá ṣí i. Ẹni tí ó bá rí ejò kí ó sún sẹ́yìn, kí ó jẹ́ kí ó lọ.

Akápò:

Èmi kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ènìyàn méjì máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde ní báńkì, kí ìṣirò owó wà lára pátákó fún gbogbo ojú, kí ẹ sì ní ìwé adójútòfò nítorí ẹni tí ó lè ṣubú. Ẹ má ṣe na gbogbo owó sórí ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé ọdún kejì, tí orin àti àwòrán ìṣíde ti lọ, ni èpò máa ń borí. Ẹ ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà kí ó kẹ́sẹ járí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Mo fi kún ti Akápò pé kí ẹ má ṣe gbé ẹrù ọgbà lé ẹnì kan lórí. Ẹ pín ọ̀sẹ̀ láàárín àwọn olùyọ̀ǹda, kí ó jẹ́ méjì méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì mọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Kí ohun èlò ìtọ́jú ọgbẹ́ wà níbi tí ojú ti lè rí i. Bí ẹnì kan tí ó máa ń wá déédéé kò bá yọjú, kí ẹnì kan pè é, kì í ṣe láti bá a wí, bí kò ṣe láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ìpè yẹn nìkan ni ohùn tí yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Aṣètò:

Ẹ kú ìnáwó àkókò. Ó ku ẹyọ kan: àwọn tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ṣì ń sọ pé ìkángun yẹn yóò dà bí ibi tí a pa tì.

Ọ̀rẹ́ Ẹyẹ:

Ẹ jẹ́ kí ó hàn sójú pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹ gé koríko mítà kan yí i ká kí etí rẹ̀ gún régé, ẹ la ọ̀nà tóóró kan wọ inú rẹ̀ dé ìdí igi, ẹ gbé àga kan síbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ẹyẹ àti labalábá tí ẹ ti rí níbẹ̀ sára pátákó, kí àwọn ọmọdé máa fi kún un. Èpò àlejò tí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù ni kí ẹ máa fà tu. Nígbà tí àkókò gígé bá dé, tí ẹyẹ kò sì sí nínú ìtẹ́, ẹ gé ìdajì rẹ̀ ní ọdún kan, kí ẹ fi ìdajì kejì sílẹ̀ di ọdún tí ó tẹ̀lé e, kí àwọn kòkòrò tí ó wà nínú pòròpórò gbígbẹ lè ní ibi tí wọn yóò sá sí.